Olórin Ìjọ àti Ayàwòrán: Ẹkúndayọ̀ Phillips àti Àìná Ọnàbólú, Ọmọ Ayé Fikitóríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ènìyàn bá gba Marina kọjá ní Èkó, tí ó rékọjá afárá lọ sí Yaba, tí ó ya sí Surulere títí tí ó fi dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò ní ṣàìgbọ́ orin ìjọ lédè Yorùbá lọ́nà. Orúkọ àdúgbò ìkẹyìn yìí fúnra rẹ̀ ń pa ìtàn: Ìjẹ̀ṣà ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n ní òde òní, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ ni ó ń bá Ìjẹ̀ṣà jókòó nínú ilé ìsìn kan náà tí wọ́n jọ ń gbé orin kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí orin ìjọ máa ń da ọ̀rọ̀ Yorùbá rú lẹ́nu akọrin, àti pé ẹnìkan fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe làálàá kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni náà ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips.

Ìtàn olórin yìí kò ṣeé pa tán láìmẹ́nu ba ayàwòrán kan tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n jọ gbé Èkó, tí wọ́n sì jọ lọ kọ́ṣẹ́ ní London. Àìná Ọnàbólú ni orúkọ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, orin àti àwòrán dà bí ọmọ ìyá: ọmọ tí a bá kọ́ ní dùùrù, a máa ń kọ́ ọ ní àwòrán yíyà pẹ̀lú. Nígbà tí iṣẹ́ méjèèjì dé Èkó, orin bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ìjọ. Àwòrán ni ó ní láti gbẹ́ ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Ohun tí ìgbésí ayé àwọn méjèèjì fi hàn ni pé kì í ṣe kíkọ́ ọgbọ́n àjèjì ni ó ń sọ ènìyàn di àjèjì sí ilé rẹ̀, bí kò ṣe kíkọ́ ọ ní àbọ̀.

ÈKÓ NÍ AYÉ FIKITÓRÍÀ

Ọdún 1837 ni Fikitóríà gorí oyè, ọdún 1901 ni ó sì wàjà. Láàárín ìgbà náà ni Èkó yí padà pátápátá. Ní 1851 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu ìlú náà. Ní 1861 ni Ọba Dòsùmú fi í lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Àwọn Sàró ń ti Freetown bọ̀ wá sílé, àwọn Àgùdà ń ti Bràsíìlì àti Kúbà bọ̀. Àwọn Àgùdà mú ọgbọ́n ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ káfíńtà wá. Àwọn Sàró mú ìwé, ìwàásù àti orin ìjọ wá.

Ní 1859 ni Ẹgbẹ́ Ìjíṣẹ́ C.M.S. dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà sílẹ̀ ní Èkó, tí Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, sì jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Láìpẹ́, ó di àṣà àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó láti máa pe ara wọn jọ sí ibi ìgbọ́rin alẹ́, níbi tí a ti ń lu dùùrù tí a sì ń kọ orin Handel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn olórin ìgbà náà ni Robert Coker, atẹdùùrù ìjọ Christ Church, tí àwọn kan ń pè ní Mozart Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọ̀rọ̀ àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ọnà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ òpó àti ère, alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, àwọn afínigbá ń fín igbá, àwọn obìnrin aláró sì ń ya àdìrẹ. Ṣùgbọ́n kíkun ojú ènìyàn sórí bébà tàbí sórí aṣọ kò sí nínú ohun tí ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ. Olùkọ́ tí ó bá mọ orin, ìjọ yóò gbà á síṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ àwòrán, ta ni yóò gbà á?

Bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń lọ sópin, èrò mìíràn gbòde. Àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ìdí tí orúkọ, aṣọ àti orin wọn fi ní láti jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1891 ni àwọn kan dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀. Ní 1894 ni David Brown Vincent yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mọ́jọlà Agbébi. Ní 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, jáde kúrò nínú ìjọ náà nítorí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí bí a ṣe mú Àlùfáà James Johnson kúrò láàárín wọn. Àwọn ni ó dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Inú ayé tí ó ń gbóná báyìí ni olórin àti ayàwòrán tí à ń sọ ti dàgbà.

ỌMỌ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Ọdún 1884 ni a bí Ẹkúndayọ̀ Phillips, ọdún kan náà tí àwọn aláṣẹ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn ní Berlin lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Charles Phillips ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Oǹdó láti 1877, tí a sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Bàbá yìí kì í ṣe ẹni kékeré nínú ìtàn Yorùbá. Nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti pẹ́ tí ó sì ti sú gbogbo ènìyàn, òun àti Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ni ìjọba Èkó rán ní 1886 láti gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ bá àwọn jagunjagun. Johnson lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìbàdàn; Phillips lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ ọdún méjì péré ni Ẹkúndayọ̀ nígbà náà. Bàbá ṣe alárinà láàárín ìlú méjì tí ń jà. Ọmọ ni yóò wá ṣe alárinà láàárín ọ̀rọ̀ àti orin.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà ti C.M.S. ní Èkó ni ọmọ náà ti kàwé. Arákùnrin òbí rẹ̀ kan tí ó jẹ́ àlùfáà ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, a fi í ṣe atẹdùùrù ìjọ St. Paul's, Breadfruit. Kí olùkàwé fi ọdún rò ó: bí 1884 bá ni a bí i, nǹkan bí 1902 ni ó jókòó sí ìdí dùùrù náà, lẹ́yìn tí ìjọ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ pín sí méjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ àga ti ṣófo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún mẹ́sàn-án ni ó sì lò níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń tẹ dùùrù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì máa ronú ohun tí ó lè mú kí ìjọ jẹ́ ti àwọn tí ń jọ́sìn nínú rẹ̀.

Ní 1911 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity College of Music. Ó kọ́ dùùrù ilé àti dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ́ fáyólíìnì pẹ̀lú. Ní 1914 ó padà sílé. Ọdún náà ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, òun náà sì ni Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ORIN BÁ Ń BÁ Ọ̀RỌ̀ JÀ

Kí á tó sọ ohun tí Phillips ṣe, ó yẹ kí á mọ ìṣòro tí ó bá nílẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn àlùfáà Yorùbá ti túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin náà ni wọn kò yí padà. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí kò mú wàhálà wá, nítorí bí a bá gbé ohùn sókè tàbí tí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni ó ń bẹ lórí sílébù wa: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá yí ohùn padà, ọ̀rọ̀ ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Onígbàgbọ́ a máa sọ̀rọ̀ nípa ogún rẹ̀ ní ọ̀run, èyíinì ni ohun tí yóò jẹ lọ́dọ̀ Baba. Bí ohùn orin bá tẹ́jú lórí ọ̀rọ̀ yìí, etí yóò gbọ́ ogun, èyí tí à ń jà. Bí ohùn náà bá ti ìsàlẹ̀ pátápátá fò sókè, etí yóò gbọ́ Ògún, òrìṣà tí ó ni irin. Ọkọ̀ Nóà náà lè di ọkọ́ Nóà, bí ẹni pé oko ni Nóà ń lọ nígbà tí òjò ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ tí ó kú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè di ọrẹ tí à ń ta fún tálákà. Àwọn tí ó ti mọ orin náà láti kékeré kò bìkítà, nítorí ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Àlejò tí ó dúró lẹ́yìn fèrèsé ni kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìṣòro kejì fara sin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohùn kan ṣoṣo ni orin ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní fún gbogbo ẹsẹ rẹ̀. Bí atúmọ̀ bá tilẹ̀ fi ọgbọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ó bá ohùn orin mu ní ẹsẹ kìíní, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì yóò ní ohùn tirẹ̀, ti ẹsẹ kẹta yóò sì tún yàtọ̀. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni à ń fi wọ ọmọ mẹ́rin tí ìdúró wọn kò dọ́gba. Bí ó bá ba ọ̀kan mu, kò lè ba gbogbo wọn mu.

Phillips nìkan kọ́ ni ó rí ìṣòro yìí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1855, ti ń fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìyìn kí Phillips tó lọ sí London. Ní 1922 ni a gba orin rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ẹ̀bùn àti ìmísí ni Ransome-Kuti gbà. Iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù ni pé kí ẹnìkan wádìí ìdí tí irú orin bẹ́ẹ̀ fi ń dùn létí Yorùbá, kí ó sì sọ ìdí náà di ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn lè kọ́.

ỌDÚN MÉJÌDÍNLÁÀÁDỌ́TA NÍ ÌDÍ DÙÙRÙ

Nígbà tí Phillips ti London dé ní 1914, a fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ìjọ Christ Church ní Marina, ìjọ tí ó di Kàtídírà Èkó. Ipò náà ni ó wà títí di 1962. Ilé ìsìn ńlá tí àwọn ará Èkó ń wò lónìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1924, tí ó sì parí ní 1946. Phillips wà ní ìdí dùùrù kí a tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti parí rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìkọ́ni. Àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń kọ ohùn tínrín nínú ẹgbẹ́ akọrin náà, àwọn àgbà ọkùnrin ni ó ń kọ ohùn yòókù. Ọmọ tí ó bá wọ inú ẹgbẹ́ yìí ní láti mọ bí a ti ń ka àmì orin, kí ó mọ bí a ti ń mí, kí ó sì mọ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ kí ó já gaara. Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, tí ó di ògbóǹtagí olórin káàkiri ayé, kọrin lábẹ́ Phillips ní ìgbà ọmọdé. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Samuel Akpabot, tí àwọn náà di akọ̀wé orin, gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí Phillips, ni ó gba ipò rẹ̀ ní 1962.

Èkejì ni orin tí ó kọ. Ó kọ orin sí ìdáhùn inú ìsìn àti sí Sáàmù lédè Yorùbá. Ó mú orin ìbílẹ̀, ó sì fi hun orin fún dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀; Passacaglia on an African Folk Song jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí. Passacaglia jẹ́ ètò orin àtijọ́ ti Yúróòpù, nínú èyí tí a ti ń tún ohùn ìsàlẹ̀ kan sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ohùn mìíràn sì ń ṣe àrà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ìyá ìlù ti ń dárà nígbà tí àwọn ìlù kéékèèké ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹsẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti mọ ìdí tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò fi ṣe àjèjì sí etí Yorùbá.

Ẹ̀kẹta ni ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953. Ohun tí ìwé náà dúró lé ni pé nínú orin Yorùbá, ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ti wọ ara wọn débi pé a kò lè yà wọ́n. Bí ohùn ọ̀rọ̀ bá gòkè, kí ti orin gòkè. Bí ó bá rẹlẹ̀, kí ti orin rẹlẹ̀. Ó tọ́ka sí àtẹ̀gùn ohùn márùn-ún tí ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa ń rìn lórí rẹ̀, ó sì fi orin wa wé orin àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láti fi hàn pé ó ní ìlànà, kì í ṣe ariwo lásán. Ẹni tí ó bá kàwé yìí yóò rí i pé ẹ̀kọ́ London ni ó fún Phillips ní ohun èlò tí ó fi tú orin ìbílẹ̀ palẹ̀ wò. Bí kò bá mọ òfin orin Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò ní mọ ibi tí òfin náà kò ti lè ṣiṣẹ́ fún Yorùbá.

Ní 1964, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá. Ní 1969 ni ó kú.

AYÀWÒRÁN TÍ WỌ́N JỌ JẸ́ ẸGBẸ́

Àìná Ọnàbólú fi ọdún méjì ju Phillips lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní 1882. Kò rí ẹni kọ́ ọ ní àwòrán. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ni ó ń wò tí ó ń dà kọ. Iṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ní Èkó ni ó ń ṣe jẹun, ó sì ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ya àwòrán. Ní 1906 ni ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó. Nígbà tí Phillips ń fi owó oṣù ìjọ kọ́ṣẹ́, Ọnàbólú ń fi owó oṣù ìjọba ra ọ̀dà.

Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà gbàgbọ́ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ẹni náà. Ọnàbólú kò fi ẹnu nìkan dá wọn lóhùn. Ní 1920 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ọnà, ó sì ya Dókítà Ògùntọ́lá Sàpárà, gbajúmọ̀ oníṣègùn Èkó, ní ọ̀dà olóròóró. Ọdún yẹn náà ni ó lọ sí London, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ní St. John's Wood, ó sì tún kọ́ṣẹ́ ní Académie Julian ní Paris. Nígbà tí ó dé, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọgbọ́n tí ohun tí ó wà nítòsí fi ń tóbi tí èyí tí ó jìnnà fi ń kéré lójú àwòrán. Òun ni ó rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927 láti bá a kọ́ni.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Murray, òyìnbó tí Ọnàbólú fúnra rẹ̀ béèrè fún, ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wọn. Ọnàbólú, ọmọ Yorùbá, ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́ ọgbọ́n Yúróòpù títí dé ìdí. Ó rọrùn fún ẹni òde òní láti sọ pé Murray ni ó fẹ́ràn àṣà, pé Ọnàbólú ni ó kọ̀ ọ́. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún Murray rí pé àwọ̀ rẹ̀ kò lè ya àwòrán. Ọnàbólú ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tí a bá ní kò lè gun igi, orí igi ni ó ti ń dáni lóhùn.

KÍ NI ÌYÀTỌ̀ WỌN?

Olùkàwé lè béèrè pé, bí àwọn méjèèjì bá kọ́ ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní kíkún, èé ṣe tí Phillips fi tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà Yorùbá, tí Ọnàbólú fi lò ó bí ó ti rí? Ohun tí olúkúlùkù ń bá ṣiṣẹ́ ni ìdáhùn. Ojú ènìyàn ni Ọnàbólú ń yà, ojú kò sì ní èdè. Bí ayàwòrán bá ya ojú Dókítà Sàpárà dáadáa, ará Èkó àti ará London yóò jọ dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ni Phillips ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá kò sì gbà kí a gbé ohùn àjèjì lé òun lórí láìyí ìtumọ̀ padà. Ohun tí ó jẹ́ ìṣẹ́gun lọ́wọ́ ayàwòrán, àbùkù ni ìbá jẹ́ lọ́wọ́ olórin.

Ìlànà Phillips náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí olórin bá ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, ọ̀rọ̀ ni ó di ọ̀gá tí ń pàṣẹ ibi tí orin yóò lọ, òmìnira akọ̀wé orin yóò sì kéré. Ìdí nìyí tí àwọn kan tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi tú okùn náà díẹ̀, tí wọ́n ní àyíká ọ̀rọ̀ a máa la ìtumọ̀ yé olùgbọ́ nígbà tí ohùn bá tilẹ̀ yà díẹ̀. Àríyànjiyàn yìí dára. Ṣùgbọ́n kí Phillips tó kọ ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń ṣàṣìṣe láìmọ̀ pé àṣìṣe ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà mọ̀ pé òun yà, ó sì mọ ìdí rẹ̀.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro rí. Àwọn kan rò pé kí á lè dá àṣà wa sí, a gbọ́dọ̀ sá fún ẹ̀kọ́ òkèèrè. Àwọn mìíràn rò pé kí á lè kàwé, a gbọ́dọ̀ kó tiwa dànù. Ìgbésí ayé Phillips àti ti Ọnàbólú kò gbe ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì lẹ́yìn. Wọ́n lọ sí òkèèrè, wọ́n kọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀ dé góńgó, wọ́n sì padà wá fi kọ́ ọmọ ilé.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ yìí wò kò nílò dùùrù. Kí ó mú ẹsẹ orin kan tí àwọn ọmọ mọ̀ dáadáa. Kí wọ́n kọ́kọ́ kà á jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi ìlà sàmì sí ibi tí ohùn gòkè àti ibi tí ó rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ ọ́ lórin, kí wọ́n sì wo ibi tí orin àti ọ̀rọ̀ ti pínyà. Bí ó bá jẹ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ó ti ṣe é, láàárín àwọn ọmọ tí ẹ̀ka èdè ilé wọn yàtọ̀ síra, yóò tún rí i pé ohun tí ó dun etí ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè má dun etí ọmọ Ìjẹ̀bú bákan náà. Kí wọ́n jókòó ti ìyàtọ̀ náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Irú yíyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni Ẹkúndayọ̀ Phillips fi ọdún méjìdínláàádọ́ta ṣe ní ìdí dùùrù ní Marina.